Abẹ́rẹ́ Láti Orí Bùbá

Ìyá mi kì í bọ́ bùbá níwájú ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ tó bí gan-an kò mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Tó bá fẹ́ wẹ̀, á ti ìlẹ̀kùn, á tún fi àga tì í. "Ikú yá ju ẹ̀sín," ló máa ń wí, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Èjìká ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ebè ní Rore, ìlú wa, kí ni èjìká ò ní ṣe é? Ọmọkùnrin kan ní agboolé wa ti Èkó dé, ó ní òun ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n fi ń gún ara kí ìrora lè lọ. Ó gba yàrá kan lẹ́bàá títì. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ́ tónítóní. Á fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ènìyàn, abẹ́rẹ́ tó bá sì fi gún ẹnì kan, kì í fi gún ẹlòmíràn. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ìlú Òrò ni mo ti ń ṣe tíṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí láti ilé pé Ìyá ò lè mí dáadáa. Mo lọ gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òrò. Dókítà bi í bóyá ó ṣubú, tàbí bóyá ẹnìkan ti tọ́jú rẹ̀ níbòmíràn. Ó ní rárá. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé orúkọ ọmọkùnrin tó pọ̀n dàgbà yẹn ló ń dáàbò bò. Dókítà ní kó ká bùbá sókè, Ìyá di etí aṣọ mú gírígírí. Nígbà tó sú dókítà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé orí aṣọ, ó ní òtútù àyà ni, ó fún un lóògùn, ó sì dá a dúró síbẹ̀.

Mo padà sí Rore lọ mú aṣọ wá fún un. Bùbá tó wọ̀ lánàá wà lórí àga. Bí mo ṣe gbé e, mo rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó kán tó-tò-tó, tó tò ní ìlà sí èjìká rẹ̀. Ẹ̀fọn kì í tò ní ìlà jẹ ènìyàn; abẹ́rẹ́ ni.

Mo bá ọmọkùnrin náà ní yàrá rẹ̀. Mo na bùbá náà sí i.

"Àǹtí, mo ní kí wọ́n bọ́ ọ," ló wí. "Wọ́n ní ṣé èmi tí àwọn wẹ̀ ní ìkókó ni àwọn ó wá ṣíra sílẹ̀ fún. Mo bá gún wọn láti orí aṣọ."

Mo bi í pé kí ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un nípa aṣọ. Ó wolẹ̀. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé tí kò bá rí awọ ara, kó má gún un, pé ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà síbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù lè lu ú.

"Ojú wọn ni mo wò," ló wí.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbá a létí. Ó mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀ dájú, ó sì rú u nítorí ìtìjú àgbà. Mo ní kó wọ mọ́tò.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún dókítà. Dókítà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi mú sísọ́ọ̀sì, ó gé bùbá Ìyá lẹ́yìn, láti ọrùn dé ìbàdí. Ìyá gbé ọwọ́ láti di aṣọ náà mú, ọwọ́ ò débẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà bọ ìhà rẹ̀, atẹ́gùn tó há sáyà ń jáde, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń sunkún. Ẹ̀yìn tó pọn àwa méjèèjì nìyẹn, ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Bùbá tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi bò ó.