Yàrá Bàbá Mi Nínú Àhoro

Òórùn ògiri àtijọ́ nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, ó jọ òórùn òjò àkọ́rọ̀, ó sì tún jọ ti aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Òórùn yẹn ló gba gbogbo agboolé wa kan lọ́dún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì wá sí abúlé wa lẹ́bàá Kábbà, tó ní òun fẹ́ fi amọ̀ kọ́ ilé tí gbogbo ìlú á jọ máa lò. Èmi ni wọ́n ní kó lọ bá. Ta ni wọn ìbá tún darí rẹ̀ sí? Láti Kábbà títí dé Ìsánlú, bí ẹ bá rí ilé tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá tó rí ọ̀gá rẹ̀, ẹ béèrè, èmi ni bíríkìlà tó kọ́ ọ. Mi ò ka ju ìwé mẹ́ta lọ, àmọ́ àwọn tó kàwé tán ń pè mí ní ọ̀gá, inú ilé tí mo kọ́ ni wọ́n sì ń sùn.

Ọmọbìnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, ará Iffe lọ́dọ̀ wa níbí ni bàbá rẹ̀. Ó ti fi ọparun kọ́ ìsọ̀ fáwọn tó ń ta iṣu, ó sì ti ya ilé ìwé kan tí òrùlé rẹ̀ ń da omi òjò sínú táńkì. Mo bi í bóyá nítorí amọ̀ ni wọ́n ṣe ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Àwọn lébìrà mi rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ilé sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kọ́ fúnra yín yìí, ṣé ẹ lè sùn nínú ẹ̀ lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?" Abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí, ilé mi sì wà lẹ́yìn mi tí páànù rẹ̀ ń dún nínú oòrùn.

Ó ní òun ò ní gbẹ́ ilẹ̀ tuntun. Kòtò tá a ti ń gbẹ́ amọ̀ lẹ́yìn ìlú ti di ọ̀gbun, àgbàrá sì ń ti ibẹ̀ jẹ oko àwọn èèyàn lọ. Amọ̀ ògiri tó ti wó ló fẹ́, ká pò ó tuntun. Àwọn àgbà gbà pé ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda àhoro tiẹ̀, torí inú yàrá la ń sin àwọn baba wa sí níbí, ilé tó wó kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní kí wọ́n mú àhoro bàbá mi. Mo ní ẹni ńlá kì í fi ohun ńlá du ìlú. Bàbá mi, agbaṣẹ́ṣe pàtàkì lókè Ọya, tó ń wọ bàtà aláwọ, tó fi ọlá padà wálé, tó kú sórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́ débi pé bí mo bá ti la ẹnu, lébìrà kan á ti sọ pé, "Orí ẹní ló kú sí, ọ̀gá, a ti gbọ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún pílánì rẹ̀ yà. Ó fi yàrá bàbá mi sílẹ̀ láàárín ilé, láìní òrùlé, kí òjò àti oòrùn máa wọlé síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ. Ó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Sàréè onítáìsì funfun ni mo fẹ́, kí orúkọ bàbá mi wà lára ẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa tẹrí ba kó tó lè kà á. Ó ní ká fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbàlagbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Nígbà tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ní kí àwọn lébìrà rọra gbẹ́ ibẹ̀ títí wọ́n á fi rí etí sàréè, torí sàréè wúwo, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò bá jókòó dáadáa, á sán.

Wọ́n gbẹ́ ẹ títí. Ilẹ̀ náà le. Mo mọ ilẹ̀ tí ọkọ́ ò kàn rí, ẹnikẹ́ni ò lè fi ìyẹn tàn mí. Ibi tó rọ̀ nínú ẹ̀ ò ju fífẹ̀ apẹ̀rẹ̀ oko lọ, ìkòkò kan ló sì wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àwo dé lẹ́nu. Aṣọ wà nínú ẹ̀, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló di eérú. Lábẹ́ aṣọ ni bàtà wà, èyí tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ gé. Rọ́bà kì í jẹrà. Àgbà nínú àwọn lébìrà wò ó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bàtà lébìrà nìyí." Kò sí egungun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìkòkò náà lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, òun nìkan ló kù nínú wọn. Ó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Mo kí i bá a ṣe ń kíra níbí, mo ní, "Okun o, Ìyá." Bó ṣe rí ìkòkò náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó kàn ní, "Ó pẹ́ kó tó dé."

Ó wá sọ fún mi pé bàbá mi ò gba iṣẹ́ kankan ṣe rí, iṣẹ́ lébìrà ló ń ṣe, kọnkéré ló ń rù. Ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ nílùú kan lókè Ọya ló wó lù wọ́n. Ẹni tó ni ilé ní kò sẹ́ni lábẹ́ ẹ̀, wọn ò sì hú òkú kankan jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yè ló sá wálé wá sọ fún ìyá mi ní kọ̀rọ̀. Ìyá mi mọ̀ pé bí òkú ọkọ òun ò bá sí nílé, wọ́n á pín ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ òun á sì di àlejò nínú agboolé. Ló bá ká aṣọ àti bàtà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó wálé kẹ́yìn, òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí sì sin ín kí ìlú tó jí. Wọ́n wá sọ fún ìlú pé ó dé lóru, àìsàn ló gbé e dé, ó kú, àwọn sì ti sin ín.

"Sàréè yẹn ló bá ẹ di ilẹ̀ mú," ló wí.

Mo béèrè orúkọ ìlú náà.

"Ìyá ẹ nìkan ló dì í mú. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan títí tó fi kú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. "Àjò kò dùn kí onílé má relé, ọmọ mi. Tiẹ̀ ò dùn, kò sì relé."

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mi ò bẹ lébìrà kankan pé kó panu mọ́. Wọ́n panu mọ́ fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ti orí ẹní mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ dé, ó rí kòtò, mo sọ ohun tá a bá níbẹ̀ fún un. Ó wo pílánì rẹ̀ títí, ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n fi òrùlé bo ibẹ̀ báyìí? Àyè á gbà wá sí i." Kò fi pẹ̀gàn mi, òótọ́ ló ń sọ. Bí mo bá ní kó bò ó, bàbá mi ò ní nílé mọ́ níbi kankan láyé. Bí mo bá ní kó fi sílẹ̀, ibi òfìfo ni mò ń ṣọ́, mo sì mọ̀. Mo ní, "Fi sílẹ̀." Èmi fúnra mi ni mo dá ìkòkò náà padà, tí mo sì fi erùpẹ̀ bò ó. Mi ò fi táìsì sí i.

Ilé náà ti dìde tipẹ́. Amọ̀ ilé bàbá mi ni ògiri rẹ̀, kò sì sí bíríkìlà ní gbogbo ilẹ̀ Okun tó lè to amọ̀ kó gún bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn àgbà ń jókòó síbẹ̀ nígbà oòrùn, nọ́ọ̀sì sì ń wọn àwọn ìkókó níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀, ó máa ń rán àlejò wá wò ó. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí àárín ilé ò ní òrùlé, mo máa ń sọ pé yàrá bàbá mi ni. Tí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ṣe, mo máa ń ní lébìrà ni.

Àmọ́ mo mọ àwọn tó ń kọ́lé. Nílùú tí ilé ti wó lu bàbá mi yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ilé wó lórí ẹ̀. Wọ́n á ti kó àfọ́kù díẹ̀ dànù, wọ́n á ti tẹ́ ìyókù pẹrẹsẹ, wọ́n á sì ti fi ìpìlẹ̀ mìíràn lé e. Ilé á ti wà níbẹ̀ báyìí, obìnrin kan á máa dáná, ọmọ á máa sunkún, ọkùnrin kan á tẹ́ ẹní kó sùn. Inú yàrá la ń sin àwọn baba wa sí. Bàbá tèmi náà wà nínú yàrá. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ni ò mọ̀.