Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Wo Oyún Mi

Oyún méjì ló ti bọ́ lára mi ní Tyrrelstown lókè òkun níbí, kò sì sí èyí tó pẹ́ rárá lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ wò mí kó tó bọ́. Ìyá mi ní Ìbàdàn so ó pọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ló ń se ọmọ bí ẹni ń se ẹyin. Mo rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí ẹ̀kẹta pé oṣù méjì tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, mo fi òróró àdúrà ra gbogbo ikùn kí n tó lọ sílé ìwòsàn, kí agbára ẹ̀rọ má baà ráyè wọlé. Èmi tí mo kàwé o.

Obìnrin tó fẹ́ wo oyún náà fi tíṣù nu òróró mi kúrò pátápátá. Mo bú sẹ́kún. Mo bi í bóyá nǹkan yìí kò ní jó ọmọ mi. Kò bínú. Ó ní ìró tí etí ò lè gbọ́ lásán ni. Ó lè mú ara gbóná díẹ̀ tó bá pẹ́ lójú kan, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń dín agbára rẹ̀ kù, tí àwọn kì í sì í pẹ́.

Ọkọ mi tó dúró tì mí ti pe Mọ́mì ní Ìbàdàn, ó na fóònù síwájú kí wọ́n lè gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ìró kankan kò jáde nínú ẹ̀rọ.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o! Ó ti tún lọ, àbí? Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ṣe scan!" Mọ́mì ti ń sunkún.

Èmi náà gbà pé ó ti parí. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo tún bínú sí Mọ́mì.

Obìnrin náà yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Ó ní fún ọmọ tó ṣì kéré báyìí, àwọn kì í tan ìró ọkàn, torí agbára tó ń gbà pọ̀ jù. Wíwò nìkan ni àwọn ń wò ó. "Look, there. It's grand." Ohun tó ń sọ ni pé kò séwu. Nǹkan bíńtín kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Mo ń rí i. Ó ń lù."

Obìnrin náà ní ó ti tó. Ni mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣì fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní rárá, nítorí ọmọ náà ni. Ó rọra tú ìka mi. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá, mi ò sì mọ̀ mọ́ bóyá ó ṣì ń lù.