Ìkúnlẹ̀ Mi Ni Wọ́n Fi Ń Kí Rísì ní Èsìẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Èsìẹ́ ní Sátidé. Owú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, mi ò ní purọ́ fún yín!

Ṣé ẹ mọ ìwé àwòrán Obìnrin Ìràwọ̀ táwọn ọ̀dọ́ ń kà lórí fóònù? Èyí tí wọ́n ti ní àwọn ère òkúta Èsìẹ́ kì í ṣe ère, pé ará inú ìràwọ̀ ni wọ́n, pé ṣe ni wọ́n jókòó de ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà sílé? Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ń ya wèrè lórí ẹ̀ ni! Inú eré orí ìtàgé ni wọ́n ti yọ ọ́. Òmù-Àrán níbí la ti ṣe eré náà, èmi gan-an sì ni Obìnrin Ìràwọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ ò mọ̀, àbí? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é. Obìnrin Ìràwọ̀ kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣe ló yẹ kí n dúró ṣánṣán kí n wo ọba ayé lójú. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fi ṣe ọba? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó tún jẹ́ hẹdimásítà mi! Bí wọ́n ṣe yọ sí mi pẹ̀lú agbádá, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Akoto páànù tó wà lórí mi fẹ́ já bọ́. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo bá fi tòsì di akoto mú. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà tún dáhùn pé, "Dìde, ọmọ mi"!

Inú bí dírẹ́kítọ̀ wa. Ó ní ṣé wọ́n máa ń kúnlẹ̀ nínú ìràwọ̀ ni? Ló bá gba ipò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Rísìkátù, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ránṣọ. Nígbà tí wọ́n wá sọ eré náà di ìwé àwòrán, ojú Rísì ni wọ́n yà.

Ẹ wò ó, mo jowú! Rísì tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè! Oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù, èmi ni màá wọn aṣọ, Rísì ni wọ́n máa bá ya fọ́tò. Òun náà á wá máa rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Wàláhì, torí owú, mi ò ṣí ìwé náà wò rí.

Ní Sátidé, àwọn olólùfẹ́ ìwé náà fẹ́ pàdé nítòsí àwọn ère yẹn ní Èsìẹ́. Rísì ní kí n sin òun lọ. Mo lọ, àmọ́ bí ọ̀kadà ṣe ń gbé wa lọ ni mò ń gbàdúrà pé kí òjò rọ̀!

A débẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì ti dé akoto páálí sórí. Bí wọ́n ṣe rí Rísì báyìí, gbogbo wọn kúnlẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n gbé ọwọ́ kan sórí. Háà! Mo bi ọmọbìnrin kan pé irú ìkíni wo nìyí. Ó ní ìkíni ará ìràwọ̀ ni, pé nínú ìwé, ìgbà tí Obìnrin Ìràwọ̀ kúnlẹ̀ fún ọba ni ogun parí, pé òun sunkún níbẹ̀. Ó ní kémi náà ṣe é.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí, torí ta ló ń fọwọ́ òsì kí èèyàn?

Ló bá ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe é dáadáa, tòsì ni." Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sórí fún mi!

Èmi! Wọ́n ń kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ ara mi! Omi bọ́ lójú mi. Rísì rí mi, ó sáré wá, ó ní, "Ta lò ń kọ́? Òun ló kọ́kọ́ ṣe é! Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó yàwòrán ìwé yìí wà níjókòó lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ fún ọba. Èmi ò kúnlẹ̀ rí lórí ìtàgé." Gbogbo wọn bá yíjú sí mi, wọ́n kúnlẹ̀.

Ṣé owú wá tán nínú mi? Rárá o! Ojú Rísì ṣì ni wọ́n ń rí, ó ṣì ń ta mí lára. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé náà tán, èmi náà sì sunkún níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé èèyàn lè jẹ́ ohun tó dára jù tó ṣe. Kẹ́ ẹ tó jowú nǹkan, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba ipò yín rí, báwo ló ṣe rí lára yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á. Tẹ́ ẹ bá sì pàdé mi ní Òmù-Àrán, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa kí mi. Ọwọ́ òsì o!