Ọjọ́ Tí Mo Tẹ̀lé Ewé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, omi làwa mọ̀, a ò mọ igbó. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ti lọ dẹ àwọ̀n lójú ọ̀sà. Ìyá mi ń rọbí láti àná, ọmọ ò wá. Ni agbẹ̀bí bá mú mi lápá: "Gbé kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ, lọ pe ìyá ìyá ẹ wá. Òun ló gbẹ̀bí ẹ. Má pẹ́ o!"

Inú igbó lókè ni ìyá àgbà ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ rí, mi ò sì fọkàn sí ọ̀nà. Mo kọjá abúlé méjì, wọ́n ní, "Kò jìnnà mọ́." Irọ́ ni! Nígbà tó yá, ọ̀nà pín sí méjì. Mo rí ewé tútù tí ẹnì kan já sójú ọ̀kan, inú mi dùn, mo gba ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí! Ọ̀nà ń há sí i, kẹ̀kẹ́ ò ṣe é gùn mọ́. Nǹkan kan ń rìn lórí ewé gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá dúró, yóò dúró. Mo ń ké gbogbo súrà tí wọ́n kọ́ wa nílé kéwú, mo ń da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bí mo bá sọnù, ìyá mi kú nìyẹn. Mo bú sẹ́kún.

Ohùn kan bọ́ látorí ọ̀pẹ: "Ta nìyẹn? O ò rí ewé ni?"

Díẹ̀ ló kù kí n tọ̀ sára. "Mo rí i, bàbá. Òun ni mo tẹ̀lé wá."

Bàbá adẹ́mu rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ nìyí! Ọ̀nà téèyàn ò gbà ló ń já ewé sí, kí ará ẹ̀yìn má baà ṣìnà." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú mi dé ilé ìyá àgbà.

Ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń gùn, mo ń tì. Nígbà tá a délé, ìyá àgbà wọlé lọ bá ìyá mi. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bá a wọlé. Mo dúró níta títí mo fi gbọ́ igbe ọmọ, síbẹ̀ mi ò yọ̀. Ohùn ìyá mi ni mò ń retí. Ó pẹ́ kó tó wá, ó sì rọra wá: "Èyí tó lọ sókè dà? Ṣé ó ti jẹun?"

Lónìí, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń ní ayé àtijọ́ dùn ju tìsinyìí lọ. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Bí ìyàwó ọmọ mi bá bímọ ní ọsibítù ní Ìkòròdú, kíá ni wọ́n á pè mí lórí fóònù, wọ́n á máa pariwo pé akọ ni tàbí abo ni. Mi ò ní dáhùn ìyẹn. Màá ní, "Ẹ gbé fóònù fún ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."