Ta Ló Ní Kí Káfíńtà Má Tún Pèpéle Ṣe?

Wọ́n sin Màmá Ẹsẹ Kẹrin lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àgbà ìjọ sì ń sọ fún wa pé Ọlọ́run ló pè é. Ọlọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló ní kí pákó pèpéle jẹrà mọ́ ìyá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ni?

Aránṣọ ni màmá, òun ló sì ń darí orin ìjọ wa. Ohùn rẹ̀ kò tóbi, àmọ́ bó bá ti gbé ọwọ́ sókè, àní ẹni tó ń tòògbé á jí. Bí àlùfáà bá fẹ́ fo ẹsẹ orin kan, á rọra sọ pé ẹni tó kọ orin náà kò fi ẹsẹ kẹrin ṣe èènì. Ibẹ̀ la ti fún un lórúkọ. Níbi ìsìnkú bàbá mi, tí ẹnu mi kò là láti kọrin, iwájú mi ló wá dúró sí, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin náà títí tí ohùn tèmi fi jáde.

Obìnrin yìí sọ fún ìgbìmọ̀ ilé ìjọ léraléra pé pákó tí òun ń dúró lé ti ń rọ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù. Káfíńtà tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lóun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó dúró gbàṣẹ. Láàárín ìgbà náà, wọ́n ra àga onítìmùtìmù fáwọn àgbà. Ó kúkú dáa, ìdí àgbà kò gbọdọ̀ ro ó!

Àárín orin ni pákó já. Egungun ìbàdí màmá ṣẹ́, kò sì dìde mọ́ títí tó fi kú. Òdìkejì títì ni ilé rẹ̀ wà sí ilé ìjọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó yà kí i.

Níbi ìsìnkú, lẹ́yìn ẹsẹ àkọ́kọ́ orin ìdágbére, alága ìgbìmọ̀ ní ó tó, àkókò ti lọ. Atẹdùùrù dákẹ́. Ọmọ màmá obìnrin wá bọ́ síwájú.

Ó ní, "Ẹ jókòó, sà. A ò tíì parí."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Káfíńtà ló kọ́kọ́ gbè é, gbogbo wa sì dìde. Láìsí dùùrù, a kọ orin náà dé ẹsẹ kẹrin, tomijé tomijé, tìbínú tìbínú.

Ní báyìí, ta ló gbọ́ ẹjọ́ pákó yẹn tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́? Ta ló dá káfíńtà dúró? Kí wọ́n dìde lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ lójú ọmọ olóògbé, kí wọ́n sì fipò sílẹ̀. Bí wọn kò bá dìde, àwa á dárúkọ wọn.