Ìdí Tí Ọ̀nà Wa Fi Tẹ̀

Ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò gùn. Láti àdúgbò wa lẹ́yìn Òkè Fìà dé ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ fún ẹni tí kò kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé wa, ó sọ̀kalẹ̀ dé odò kékeré kan, ó gun òkè, ó sì já sí ọ̀nà ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn akọ̀wé ló máa ń gbà á láràárọ̀, kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, agogo wọn á máa dún.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí máa ń sọ pé àpáta ló mú kí ọ̀nà náà tẹ̀ kí ó tó dé odò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé jù mí lọ pàápàá. Kò sí àpáta níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Bàbá mi ti kú, àbúrò rẹ̀ sì ni olórí ilé wa. Òun ló rán mi lọ sí ilé ìwé, n kò sì pè é ní nǹkan mìíràn rí ju Bàbá lọ. Ìyá mi, ọmọ Iléṣà, ní oko obì kan lẹ́bàá odò náà. Bàbá tó bí mi ló gbìn ín fún un nígbà tí wọ́n bí mi. Àwọn àgbà ilé ló gbin pèrègún yí i ká lójú ẹlẹ́rìí, nítorí nílẹ̀ wa, ibi tí pèrègún bá dúró sí, ibẹ̀ ni ààlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yìí gan-an ni Bàbá ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lélẹ̀.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn tó ń wọn ọ̀nà ń bọ̀, Bàbá wá bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó, a ó fa pèrègún yẹn tu. Bí òyìnbó bá rí ààlà nínú ilẹ̀ ẹbí kan ṣoṣo, á rò pé ìjà wà níbẹ̀, á gbé ọ̀nà gba ibòmíràn lọ. Bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, a ó tún un gbìn."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Ẹ gbọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Ṣé iyán ni pèrègún ni, tí o fi dì í mú báyìí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò. Èmi ni mo sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn. Ọ̀nà yìí á ṣe wá láǹfààní." Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tu.

Ní ọjọ́ kẹta, òyìnbó kan dé pẹ̀lú àwọn tó ru èèkàn àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Bí wọ́n ṣe mú ọ̀nà náà bọ̀ láti òkè, ó gún régé, orí ìpìlẹ̀ Bàbá ni ì bá sì gbà kọjá.

Bàbá nawọ́ sí oko obì. "Sọ fún un pé ilé ń bọ̀ níhìn-ín. Kó gba ọ̀hún. Ilẹ̀ ẹbí lásán ni, mo yọ̀ǹda rẹ̀."

Mo wò ó. Kò wò mí.

Òyìnbó náà bi mí bóyá àmì ààlà ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ìbéèrè tí a bá bi wọ́n ni kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n má fi nǹkan kún un. Mo wo ilẹ̀. Ojú ihò nìkan ló kù. Mo ní kò sí. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín àwọn igi obì.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá Bàbá. "Ẹ sọ pé a ó tún un gbìn."

"Sórí ọ̀nà ọlọ́dà? Tíṣà, ṣé mo ní kí o parọ́ ni? Ó bi ọ́, o dáhùn. Ìwé tí mo rán ọ lọ kà ti wúlò." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó jẹun. N kò jẹ ẹ́.

Ìyá mi kò bá a jà. Èmi ló bi léèrè.

"Ta ni òyìnbó náà bi?"

"Èmi ni, Màámi."

"Kí lo wí?"

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe wí i gan-an. Ó ní, "O ṣeun."

Kò fi oúnjẹ dù mí, kò sì kọ ìkíni mi. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà dé, tí mo nawọ́ láti kà á fún un bí ìṣe wa, á ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi, má dààmú." Á wá gba ọ̀nà tuntun yẹn, á kọjá lórí ibi tí obì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, á gbé lẹ́tà náà lọ fún akọ̀wé rélùwéè kan tí kò mọ̀ rí, pé kó bá òun kà á.