Ọmọ Tí Wọn Kò Wẹ̀ ní Lagbé

Kò sí ìyá ọlọ́mọ ní Lagbé tí kò mọ Sìdíkátù. Òun ni wọ́n ń pè láti wẹ ọmọ tuntun, nítorí pé gbogbo ìlú ló gbà pé ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, títí láé ni yóò máa rùn lábíyá. Bí Sìdíkátù bá gbóòórùn àgbàlagbà kan lọ́jà, á yínmú, á ní ẹlòmíì ló wẹ ìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Gracia, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bímọ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan nílé ìgbẹ̀bí, Sìdíkátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná. Ọyakẹ́mi agbẹ̀bí dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ó ní ọmọ náà kò ní wẹ̀ lónìí.

Oṣù ọmọ náà kò pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi kànga, iná mànàmáná sì ti lọ láti ìdájí, iná tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru kò wúlò. Áńbúláǹsì kan ṣoṣo tó ń ti ìlú Ifangni wá ti gbé aláìsàn mìíràn lọ. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n fi aṣọ wé ọmọ, kí wọ́n sì máa retí. Ṣùgbọ́n níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Porto-Novo, wọ́n ti sọ fún Ọyakẹ́mi pé àwọn olùwádìí dán an wò lórílẹ̀-èdè púpọ̀: ọmọ kékeré tí wọ́n bá gbé lé àyà ènìyàn ní ìhòòhò lójú ẹsẹ̀ kì í sábà kú bí èyí tí wọ́n wé sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tó tutù yẹn, pẹ̀lú kọfí ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, ó rọrùn láti gbà á gbọ́. Ní Lagbé, ẹ̀rù bà á. Kò tíì ṣe é fún ọmọ tó kéré tó báyìí rí. Bí ó bá kú, wọn á ní òun ló fi ìwẹ̀ dù ú tó fi kú.

Gracia kò lè gbé e. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, wọ́n ń fa omi sí i lára, ó sì ń gbọ̀n.

“Ìyá,” Ọyakẹ́mi ní, “ẹ bọ́ bùbá yín.”

Sìdíkátù wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ó bi í pé kí ni àyà arúgbó tí kò ní wàrà fẹ́ ṣe fún ọmọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọn ọmọ sí? Ọyakẹ́mi ní ooru ara rẹ̀ lòun ń wá, kì í ṣe wàrà. Sìdíkátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé omi rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ náà kérora, ó dákẹ́, ètè rẹ̀ sì dú.

Sìdíkátù fi omi sílẹ̀, ó bọ́ bùbá.

Wọ́n gbé ọmọ lé e láyà, wọ́n fi aṣọ Gracia gbá a mọ́ ọn, wọ́n yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí imú rẹ̀ lè ráyè. Ọyakẹ́mi ń ka èémí rẹ̀, ó ń ṣì í kà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Kò lè jókòó. Gracia ń béèrè ṣáá láti orí bẹ́ẹ̀dì bóyá ọmọ òun ṣì wà láàyè.

“Ó ń mí,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, ètè ọmọ náà pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wá ọmú kiri lórí àyà arúgbó náà. Sìdíkátù rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dá lójijì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún Ọyakẹ́mi kí Gracia má baà gbọ́.

“Ọmọ mi, èyí tí Gracia kọ́kọ́ bí náà kéré. Nílé ló bí i. Bó ṣe kérora lẹ́ẹ̀kan yìí náà ni tiẹ̀ ṣe kérora. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ilẹ̀ ò ṣú bá a.”

Ọyakẹ́mi tún aṣọ tó bo ọmọ náà ṣe.

“Ìyá, àwa náà ń wẹ̀ wọ́n níbí nígbà yẹn,” ló sọ. “Èmi náà wẹ̀ wọ́n.”

Áńbúláǹsì padà dé, ó fọn fèrè níta. Wọ́n gbé Gracia sínú rẹ̀, Ọyakẹ́mi sì na ọwọ́ láti gba ọmọ. Sìdíkátù kò fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ náà mú, ó sì gba àárín èrò tó ti pé jọ síta kọjá nínú ọyẹ́, èjìká rẹ̀ ní ìhòòhò lójú gbogbo Lagbé, ó wọ ọkọ̀.